Mo fi ₦20,000 ra orúkọ ọmọ lórí Instagram, ẹ wá gbọ́ bó ṣe lọ

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún àwọn tó ta orúkọ náà fún mi. Ọ̀kan ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fún wọn o, tó bá yá màá sọ ohun tó jẹ́ kí n fi ìkejì kún un. Mi ò ní dárúkọ wọn torí ọmọ kékeré lẹni tó ń dá mi lóhùn níbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ máa bú ọmọ ọlọ́mọ, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe gan-an ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, nítorí irú wọn ti pọ̀ báyìí, ẹ kàn lọ wá "orúkọ ọmọ" lórí Instagram ẹ ó rí wọn bí ẹní rí eṣinṣin lọ́jà ẹran.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Ireolúwa lorúkọ ọmọ wa àkọ́kọ́. Nígbà tí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mo rò pé orúkọ tuntun la mú jáde, àfìgbà tó wọ nọ́sìrì. Ire mẹ́rin ló wà nínú kíláàsì kan ṣoṣo! Ireolúwa méjì, Iremidé kan, Iretómiwá kan, gbogbo wọn ni wọ́n ń pè ní Ire. Áńtí wọn wá fọgbọ́n pín wọn: Ire Pupa, Ire Gíga, Ire Oníbàtà (bàtà ẹ̀ máa ń tanná tó bá ń rìn), tèmi wá ni Ire Kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́ta dé ilé, ó ní ẹ má pe òun ní Ire lásán mọ́, Ire Kékeré lorúkọ òun. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Mo búra nínú ọkàn mi pé èyí tó bá tún máa tẹ̀lé e, ẹnikẹ́ni ò ní bá a du orúkọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí káàkiri, ẹ wo àyíká yín. Láyé àwọn ìyá wa, Fúnmiláyọ̀, Fọláṣadé, Bọ́láńlé ló kún ilẹ̀. Tiwa ni Ṣéun, Tósìn, Dámilọ́lá, Tóbi. Ní báyìí ó ti di Tiwalolúwa, Anjọláolúwa, Mofiyinfolúwa. Gbogbo wọn ló rẹwà, mi ò sọ pé wọn ò dáa, ṣùgbọ́n ẹ lọ dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé lágogo méjì ọ̀sán kí ẹ pariwo "Tiwa!" kí ẹ wá ka orí tó máa yíjú.

Bí oyún ẹlẹ́ẹ̀kejì ṣe wọ oṣù keje ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ kiri. Ọkọ mi ní kí n fara balẹ̀, ṣèbí àwọn àgbà wà nílé. Ẹ mọ bí àwọn ọkọ ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Òru ọjọ́ kan tí ẹsẹ̀ mi wú, tí oorun kọ̀ tí kò wá, ni ìpolówó wọn yọ sí mi lójú fóònù: ṣé ẹ fẹ́ orúkọ Yorùbá tí kò wọ́pọ̀, tó jinlẹ̀, tó tún máa rọrùn lẹ́nu Òyìnbó? Òyìnbó wo? Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Ṣùgbọ́n mo tẹ̀ ẹ́ ṣá.

₦20,000 ni orúkọ márùn-ún pẹ̀lú ìtumọ̀. ₦45,000 ni orúkọ mẹ́wàá, pẹ̀lú ohùn ẹni tó pè é, àti sátífíkéètì tí ẹ lè gbé kọ́ ara ògiri. Ti ₦20,000 ni mo yàn, ọpẹ́lọpẹ́ orí mi. Wọ́n ní kí n sanwó tán kí wọ́n tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, mo ṣe tiransifáà, fọ́ọ̀mù dé. Kí n sọ òótọ́, fọ́ọ̀mù yẹn wú mi lórí gan-an. Wọ́n bi mí ní ìlú bàbá ọmọ, ìlú ìyá, ẹ̀sìn, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé látayé baba ńlá, lẹ́tà tí mo bá fẹ́ kí orúkọ náà fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní háà, àwọn yìí mọ nǹkan, nítorí ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ẹni tó bá béèrè ilé lọ́wọ́ ẹ kì í ṣe ọmọ àná. Mo jókòó mo kọ ọ́ bí ẹni ń kọ ìtàn ìdílé: pé ilé ọdẹ ni ilé ọkọ mi, Ọdẹ ló ń ṣíwájú orúkọ wọn, bàbá tó bí bàbá ẹ̀ pa ẹfọ̀n, pé ilé onílù ni ìyá mi ti wá, Àyàn ni gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ́kùnrin. Ìka ọwọ́ mi ró kí n tó tẹ̀ ẹ́ tán.

Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹfà ló dé, lẹ́yìn tí mo ti bèèrè nígbà mẹ́rin. Ọmọ tó ń dáhùn yẹn máa ń pè mí ní "Mọ̀mí wa", ó ní "Ẹ má bínú Mọ̀mí wa, àwọn ẹ̀ka ìwádìí wa ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀." Ẹ̀ka ìwádìí kẹ̀! Inú mi tún dùn sí i, mo ń fọkàn yàwòrán àwọn bàbá arúgbó tó jókòó yí tábìlì ká tí wọ́n ń ronú nípa ọmọ mi.

PDF dé. Ó rẹwà o. Òdòdó pínńkì yí i ká, àtẹ́lẹsẹ̀ ìkókó méjì wà nísàlẹ̀.

Èyí tó ṣíwájú ni "Ayanna", wọ́n ní òdòdó ẹlẹ́wà ni ní èdè Yorùbá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Yorùbá ibo ló ń pe òdòdó ní ayanna, ẹ dákun? Ohun tí mo rò pé ó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n rí Àyàn tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n wá lọ wá ohun tó jọ ọ́ lórí Google. Èyí tó tẹ̀lé e ni "Olanna". Mo fi han ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ọmọ Ígbò ni, ó ní "Ah ah, orúkọ tiwa nìyẹn, ṣé ẹ ti wá ń jí i ni?" Ohun iyebíye bàbá ni wọ́n fi ń pè é lọ́dọ̀ wọn. Orúkọ tó dára ni, àmọ́ ti Yorùbá ni mo sanwó fún.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, "Arike", wọ́n ní ọbabìnrin tí a ń ṣìkẹ́. Níbo ni ọbabìnrin gbà wọlé? À-rí-kẹ́, ẹni tí a rí tí a sì kẹ́, ó parí. Oríkì ni, ọ̀kan náà ni òun àti Àjọkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àmọ̀kẹ́, àwọn ìyá àgbà ló máa ń fúnni, mi ò tíì gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń tà á. Èmi gan-an Àṣàkẹ́ ni mí. Tí ìyá mi bá fẹ́ bẹ̀ mí níṣẹ́ tó mọ̀ pé màá fẹ́ kọ̀, Àṣàkẹ́ ló máa fi bẹ̀rẹ̀, tó bá ti pè é tán báyìí mi ò ní lè sọ pé rárá mọ́.

Ẹ dúró ná, ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni gbẹ̀du. Ẹwàtómi ni wọ́n ní lọ́kàn, ẹwà obìnrin, orúkọ gidi ni, àwọn ènìyàn ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi àmì sórí ẹ̀, "Ẹ̀wàtómi" ló kọ. Ẹ̀wà! Gàdàgbà báyìí, láàárín òdòdó pínńkì. Ẹ̀wà tí à ń fi ata díndín àti dòdò jẹ. Mo gbé fóònù fún ọkọ mi, ó wò ó, ó ní "Ó kéré tán, ebi ò ní pa á." Fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, mi ò lè gbé oúnjẹ síwájú bàbá yìí kó má bi mí bóyá ẹ̀wà tó mi. Àmì kan péré, lórí lẹ́tà kan péré, ló mú ọmọ mi kúrò nínú ẹwà tó jù ú sínú ìkòkò. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé àmì ohùn kàn ń dààmú yín lásán, ẹ ẹ̀ rí i báyìí.

Ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, "Arinola: ẹni tó ń rìn nínú ọlá". Eléyìí dá mi dúró díẹ̀. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ gba ìtumọ̀ ẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń dún lẹ́nu dùn mọ́ mi, mo fi sílẹ̀ lọ́kàn.

Gbogbo ohun tí mo kọ nípa ọdẹ àti ẹfọ̀n tí bàbá àgbà pa, kò sí ìkankan tó yọ nínú orúkọ márààrún. Ìyẹn ló dùn mí jù, ó dùn mí ju owó lọ. Mo kọ̀wé sí wọn. Ọmọ yẹn ní "Mọ̀mí wa, ìtumọ̀ orúkọ máa ń yàtọ̀ láti ilé kan sí èkejì." Mo ní nínú ilé wo ni Ayanna ti di òdòdó? Ó fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́yìn náà ló ní tí mo bá fi ₦10,000 kún un wọ́n á wá orúkọ mẹ́ta míì fún mi. Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà, ó ní kí n lọ wo ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù, mo wò ó, lóòótọ́ ni, ó wà níbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní pé owó tó bá ti wọlé kì í jáde.

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Manchester ló wá bi mí pé ṣé mi ò mọ YorubaName.com ni. Ó ní ibẹ̀ lòun ti yẹ gbogbo orúkọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun láti ilé wò kí òun tó lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, pé ọjọ́ 42 ni òfin fún wọn ní England láti ṣe ìyẹn. Ọjọ́ 42! Àwa tí ọjọ́ kẹjọ ti ń lé wa bọ̀ látẹ̀yìn kí omi ìwẹ̀ ìkókó tó gbóná.

Kọ́lá Túbọ̀sún tó jẹ́ onímọ̀ èdè ló dá ìkànnì ọ̀hún sílẹ̀, lọ́dún 2015 ni wọ́n gbé igbá owó lórí Indiegogo láti fi kọ́ ọ. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ máa rántí pé mo ti san ₦20,000 kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí òdòdó níbẹ̀, kò sí àtẹ́lẹsẹ̀ ìkókó. Ohun tí mo fẹ́ràn ni pé wọ́n máa ń tú orúkọ palẹ̀ fún yín, ègé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ó ti rí ohun tí ègé kọ̀ọ̀kan dúró fún kí ẹ tó rí ìtumọ̀ gbogbo ẹ̀, wọ́n sì fi àmì sórí ẹ̀ bó ṣe yẹ. Tí ẹ bá mọ orúkọ tí kò sí níbẹ̀, ẹ lè fi ránṣẹ́ sí wọn. Mo jókòó tì í títí dátà mi fi tán. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé tí wọ́n bá ń ta orúkọ fún yín, ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n tú u. Ẹni tí kò bá lè tú orúkọ tó ń tà, òun náà ò mọ ohun tó wà nínú àpò.

Ohun míì tí mo kọ́ lóru yẹn ni pé orúkọ tí kò wọ́pọ̀, ó ní ìdí tí kò fi wọ́pọ̀, kì í ṣe pé àwọn baba wa kàn gbàgbé ẹ̀ síbì kan tí a óò lọ hú u. Òmíràn, ẹ̀sìn ló gbé e lọ. Ifábùnmi ti di Jésùbùnmi, Ògúnbíyìí ti di Olúbíyìí, kì í ṣe òní kì í ṣe àná. Òmíràn, ẹnu ìlú kan ló mọ sí, bí àwọn ará Èkìtì tí wọ́n ń pe iyì ní uyì, tí ẹ fi ń gbọ́ Fájuyì. Ti àbíkú wá ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Mo rí ìyá ìkókó kan nínú gúrúùpù wa lórí WhatsApp tó ní òun máa sọ ọmọ òun ní Kòsọ́kọ́, pé ó ń dún bí orúkọ àwọn ará Japan. Ẹ gbà mí! Kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ mọ́, ìyẹn lorúkọ yẹn ń sọ, ìyá tó ti sin ọmọ títí tó ti rẹ̀ ẹ́ ló ń fi bẹ ọmọ kó dúró. Lóòótọ́ ọba jẹ́ ẹ, Ọba Kòsọ́kọ́ jẹ l'Ékòó láti 1845 títí di 1851 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn lé e kúrò, ṣùgbọ́n àwọn tó bí i mọ ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Málọmọ́, Dúrójayé, Kúkọ̀yí, ẹkún ló wà nínú àwọn orúkọ yìí. Pé wọn ò wọ́pọ̀ mọ́ báyìí, ọpẹ́ ni ká dú, torí ọmọ ń yè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má wulẹ̀ lọ gbé e torí àrà.

Ìkànnì náà ò ṣá lè mọ ilé yín fún yín. Èyí ni mo ń rò nígbà tí ọmọ dé.

Ọjọ́ Tuesday ló dé, ní ìdájí. Ìyá ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò gbà kí wọ́n jókòó. Nọ́ọ̀sì jáde ó ní "Màmá, ẹ kú oríire, obìnrin ni, ìwọ́ ẹ̀ wé mọ́ ọn lọ́rùn díẹ̀ ṣùgbọ́n a ti tú u, kò sí wàhálà..." Màmá wa ò jẹ́ kó parí ẹ̀. "Àìná! Àìná Orosùn! Ẹ káàbọ̀ o, Àìná!" Mo gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì níbi tí mo wà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í nínú kọ́rídọ̀ ọsibítù, àwọn tó wá gba abẹ́rẹ́ ọmọ ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Gbogbo ìwádìí tí mo ti ń ṣe látìgbà tí oyún ti pé oṣù méje, kọ́rídọ̀ ló parí sí. Ọmọ ti gbé orúkọ ẹ̀ dání bọ̀ látọ̀run, láì sí PDF.

Ẹ mọ̀ pé àmútọ̀runwá, ẹnikẹ́ni kì í yàn án. Ká ní ọkùnrin ni, Òjó ni wọn ì bá pè é (níbòmíràn wọ́n á sọ ọkùnrin náà ní Àìná). Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ mú jáde, Ìgè ni. Tó bá dojú bolẹ̀, Àjàyí. Tírun orí ẹ̀ bá ta kókó, Dàda. Tó bá ní ìka mẹ́fà, Olúgbódi. Mo wá ń ronú pé iṣẹ́ abẹ tó pọ̀ yìí, àti bí wọ́n ṣe máa ń gbé ọmọ kúrò lójú wa kíá, ó lè jẹ́ ara ohun tó ń jẹ́ káwọn orúkọ yìí máa dín kù, ta ló tún ń bi nọ́ọ̀sì pé báwo ló ṣe jáde? Nọ́ọ̀sì tiwa kàn lẹ́nu ni.

Kí n má purọ́ fún yín, ojú kọ́kọ́ tì mí. Àìná? Láyé òde òní? Ìyá tèmi gan-an ní orúkọ àwọn ìyá arúgbó tó ń ta ẹ̀kọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọmọ Àyàn nìyá mi o, òun ló yẹ kó mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ mi ló rán mi létí pé ṣèbí mo ní orúkọ tí kò wọ́pọ̀ ni mo ń wá, ó ní kí n lọ sí nọ́sìrì Ire kí n lọ pe Àìná lẹ́nu géètì. Mo wò ó títí. Mo mọ Àìná tó jẹ́ orúkọ bàbá àwọn èèyàn, wọ́n pọ̀ bíi nǹkan míì, ṣùgbọ́n ọmọdé tí wọ́n ń fi Àìná pè, mi ò rántí ìkankan.

Ọjọ́ kẹta, bàbá ọkọ mi wá pẹ̀lú bírò àti ìwé ẹkasáìsì láti kọ orúkọ tí oníkálukú fẹ́ sọ ọmọ. Mo gbé PDF fún wọn, mo ní ẹ̀yin bàbá, ẹ bá mi wo ti ìkarùn-ún yẹn. Wọ́n yọ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní "Ta ló ń rìn?" Mo ní bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn sà. Wọ́n ní "Kì í ṣe rìn. Àárín ni. Àárín ọlá. Ọmọ tí a bí, tó bá ọlá nílẹ̀ lọ́tùn-ún, tó bá a lósì. Tó bá jẹ́ rìn ni, ohùn ẹ̀ á lọ sílẹ̀, gbọ́ ọ bí mo ṣe pè é." Wọ́n pe méjèèjì, ẹ̀ẹ̀kan tó ń gòkè, ẹ̀ẹ̀kan tó ń sọ̀ kalẹ̀, mo gbọ́ ìyàtọ̀ ẹ̀ kedere. Wọ́n ní àbúrò bàbá àwọn kan wà tó ń jẹ́ Àrínadé, àárín adé, pé láti ìgbà tó ti kú, ẹnikẹ́ni ò jẹ́ irú orúkọ yẹn nílé àwọn mọ́. Wọ́n wá bi mí pé eélòó ni mo rà á. Mo ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Bàbá dákẹ́. Wọ́n kọ Àrínọlá sínú ìwé, wọ́n fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, wọ́n ní ká gbé oúnjẹ wá.

Ìràwọ̀ kejì tí mo fún wọn nìyẹn. Wọ́n fún mi lórúkọ tó dára, wọn ò kàn mọ ohun tí wọ́n fún mi ni. Bí afọ́jú tó sọ òkò tó bá ẹyẹ.

Ọjọ́ kẹjọ la sọ ọ́ lórúkọ. Bàbá wa sọ nínú ọ̀rọ̀ wọn pé láyé àtijọ́ ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹsàn-án ti ọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì, pé ayé ló kàn wá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀. Oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare, omi, gbogbo ẹ̀ ló tọ́ ọ wò, orógbó ló fajú ro fún. Oníkálukú ju owó sínú abọ́ omi, ó sọ orúkọ tiẹ̀, gbogbo ẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá: Àrínọlá, Àìná, Àmọ̀kẹ́ tí ìyá mi fún un, Ọdẹ́bùnmi látẹnu bàbá wa (ẹ ẹ̀ rí i, ọdẹ náà padà wọlé), pásítọ̀ wa ní Jésùtófúnmi, àwọn yòókù mi ò lè rántí tán. Owó tó wà nínú abọ́ yẹn ju ₦20,000 lọ dáadáa, mo kà á.

Nígbà tí a lọ gba ìwé ìbí lọ́dọ̀ NPC, ibẹ̀ lojú mi ti là sí nǹkan kan tí ẹni tó ń ta orúkọ ò sọ fún mi, ó sì yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn. Orúkọ náà máa bọ́ aṣọ. Kò sí àmì lórí ẹ̀ mọ́, Arinola lásán ni. Páṣípọ́ọ̀tù gan-an, ìlà tí ẹ̀rọ ń kà nísàlẹ̀ ẹ̀ yẹn, A dé Z nìkan ló mọ̀, àyè 39 péré ló sì wà fún gbogbo orúkọ, tẹni tàwọn bàbá ẹni, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ ọmọ ní Olúwatómilọ́láwúrà-àánúolúwapọ̀, ẹ kà á dáadáa. Torí náà kí ẹ tó fẹnu kò, ẹ kọ orúkọ náà sórí bébà láì fi àmì kankan sí i, ẹ gbé e fún ẹni tí kò mọ̀ yín rí, kó kà á sókè. Mo gbé Arinola fún obìnrin tó ń ta káàdì ládùúgbò wa, ó pè é dáadáa. Mo gbé Ewatomi fún un, ó ní "Ta ló fẹ́ ra ẹ̀wà?"

Ṣé ẹ lè lo irú àwọn èèyàn yìí? Tí ẹ bá wà níbi tí kò sí àgbà, tí ẹ ò sì ní ẹni tí ẹ lè pè lórí fóònù, ẹ lè sanwó, ṣùgbọ́n ti owó kékeré ni kí ẹ mú, kí ẹ sì kọ́kọ́ bèèrè pé kí wọ́n tú orúkọ kan fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ rí ọwọ́ wọn. Wọ́n máa ń yá lára láti gba owó, kì í yá wọn láti dáhùn. PDF wọn rẹwà, ìyẹn kò ní ẹjọ́ nínú. Ṣùgbọ́n mo mọ obìnrin méjì tó ti ra ti ₦45,000, sátífíkéètì ń bẹ lára ògiri ọ̀kan, àmì ohùn tó wà lórí ẹ̀ ò tọ̀nà, ó sì ti fi férémù sí i, mi ò lè sọ fún un.

Ọmọ ti pé oṣù mẹ́rin báyìí. Èmi àti káàdì abẹ́rẹ́ ẹ̀ nìkan la ń pe Àrínọlá. Àìná ni gbogbo ilé ń pè é, Ire Kékeré ni olórí wọn, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì á máa pariwo "Àìná Orosùn" bí ìyá àgbà ẹ̀, ó ti wá ń bèèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló wé mọ́ òun náà lọ́rùn nígbà tí wọ́n bí òun. Mo ní kò sí nǹkan kan. Inú ẹ̀ ò dùn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ Instagram yẹn tún fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta Mọ̀mí wa, a ní dísíkáùntì fún àwọn kọ́sítọ́mà wa àtijọ́ tí wọ́n ń retí ọmọ míì." Mo fi nọ́ńbà ọkọ mi ránṣẹ́ sí i pé kó lọ bi í.